Bí A Ṣe Ń Wọn Ohun tí Ọmọ tó Ní Cerebral Palsy Ń Fi Ara Rẹ̀ Ṣe

“Ṣé ó ti ń dára sí i?” Ìbéèrè yìí ni ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu òbí tó bá gbé ọmọ wá sọ́dọ̀ àwa tí à ń ṣiṣẹ́ físíò (ìtọ́jú iṣan àti ìrìn) ní Ògbómọ̀ṣọ́, yálà Tàkíé ni ó ti gun ọ̀kadà wá, tàbí Ìkòyí-Ilé ni ó ti wọkọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Èsì tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń fún un ni pé “ó ń gbìyànjú”. Ọ̀rọ̀ ìtùnú nìyẹn. Kì í ṣe èsì, nítorí ẹni tí kò wọn nǹkan kan ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn kò ní ohun tí yóò fi tòní wé. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún òbí, fún olùkọ́ àti fún òṣìṣẹ́ ìlera tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n mú dání jù lọ ni pé ìpele tí a pín ọmọ sí yàtọ̀ sí òṣùwọ̀n ìtẹ̀síwájú rẹ̀. Ìpele kì í sábà yí padà, òṣùwọ̀n ni ó ń yí padà, àwọn tó bá sì da méjèèjì pọ̀ máa ń sọ̀rètí nù nígbà tí kò yẹ kí wọ́n sọ ọ́ nù.

Cerebral palsy, tí a sábà máa ń pè ní CP nílé ìwòsàn, ni àbájáde ìpalára tó bá ọpọlọ nígbà tí ọpọlọ ṣì ń dàgbà, yálà nínú oyún, nígbà ìrọbí tàbí ní kékeré. Nínú ìtàn tí àwọn ìyá ń sọ fún wa níhìn-ín, ọmọ kò tètè ké nígbà tí wọ́n bí i, tàbí ibà pọ́njú mú un ní ọ̀sẹ̀ kìíní tí wọ́n sì ń gbé e sí oòrùn títí ó fi pẹ́ jù, tàbí àrùn kan mú awọ ọpọlọ rẹ̀ wú. Kì í ṣe rọpárọsẹ̀ tí àjẹsára ń dènà. Ìpalára inú ọpọlọ náà kì í pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n iṣan àti egungun ọmọ ń dàgbà lé e lórí, ara sì ń yí padà. Ìdí nìyẹn tí wíwọ̀n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò fi tó.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ìpele ọmọ

Ọ̀nà tí gbogbo ayé fi ń pín àwọn ọmọ yìí sí ìpele ni à ń pè ní GMFCS. Robert Palisano, Peter Rosenbaum àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ibùdó CanChild ní Yunifásítì McMaster, ní Kánádà, ni wọ́n gbé e jáde ní 1997. Ní 2007 ni wọ́n tún un ṣe tí ó fi kárí ọmọ títí dé ọdún 18. Ìpele márùn-ún ni ó ní, a sì ń ka àlàyé ìpele kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí ọmọ: ṣáájú ọdún 2, láti 2 sí 4, láti 4 sí 6, láti 6 sí 12, àti láti 12 sí 18. Bí oṣù ọmọ kò bá pé kí a tó bí i, tí kò sì tíì pé ọdún 2, ẹ yọ iye ọ̀sẹ̀ tí kò pé náà kúrò nínú ọjọ́ orí rẹ̀ kí ẹ tó kà á.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọmọ ọdún 6 sí 12. Ìpele Kìíní ni ọmọ tó ń rìn nílé, níta àti nílé ìwé láìdi nǹkan kan mú, tó ń gun àtẹ̀gùn láìfọwọ́ kan igi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tó ń sáré tó sì ń fò, àmọ́ tí eré rẹ̀ kò yá tó ti ẹgbẹ́ rẹ̀, tí ìdúró rẹ̀ kò sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó tiwọn. Ọmọ Ìpele Kejì náà ń rìn, ṣùgbọ́n ọ̀nà jíjìn, ilẹ̀ gbágungbàgun àti àárín èrò máa ń dà á láàmú, ó sì ní láti di igi àtẹ̀gùn mú. Títì ọlọ́dà kì í fi ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì hàn nílùú tiwa. Ọ̀nà àdúgbò tí ọ̀gbàrá ti gbẹ́, tí òkúta yọrí nínú rẹ̀, tí wọ́n sì gbé pákó lé gọ́tà, níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí i. Àárín èrò ọjà Tàkíé náà ń sọ òótọ́ tí gbọ̀ngàn ilé ìwòsàn kò lè sọ.

Ọmọ Ìpele Kẹta ń fi ohun tí a ń fọwọ́ mú rìn nínú ilé, bíi wọ́ká (férémù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí a ń dì mú rìn) tàbí ọ̀pá ìtilẹ̀ (crutches), bí ibi tó ń lọ bá sì jìn, kẹ̀kẹ́ ìjókòó (wheelchair) ni ó ń lò. Ti Ìpele Kẹrin, ènìyàn ní láti ràn án lọ́wọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi. Ó lè gbẹ́sẹ̀ díẹ̀ nínú ilé bí ẹnìkan bá dì í mú, ṣùgbọ́n níta, orí kẹ̀kẹ́ ìjókòó ni wọ́n ti ń tì í. Ti Ìpele Karùn-ún, títì tàbí gbígbé ni níbi gbogbo, nítorí ọrùn àti àyà rẹ̀ kò lágbára tó láti gbé ara dúró.

Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2, ọrùn, ìjókòó àti yíyí ni a kọ́kọ́ ń wò. Àwọn ìyá wa ti ní ọ̀rọ̀ fún un tipẹ́, wọn a ní “ọrùn rẹ̀ kò tíì le”. Bí ọmọ bá lè jókòó sórí ẹní tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì ń ṣeré, ibi Ìpele Kìíní ni ó ń lọ. Bí ó bá ní láti fi ọwọ́ tilẹ̀ kí ó tó lè jókòó, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ Ìpele Kejì. Bí ó bá jẹ́ pé a gbọ́dọ̀ fọwọ́ ti ìbàdí rẹ̀ lẹ́yìn, Ìpele Kẹta. Ẹ má ṣe fi yíǹkì kọ èyí, nítorí ìpele tí a fún ọmọ kékeré báyìí lè yí padà. Ẹ tún un wò lẹ́yìn ọdún kejì.

Ìṣòro kan wà tí ìwé òyìnbó kì í fi bẹ́ẹ̀ mẹ́nu bà: ọ̀pọ̀ ọmọ tó yẹ kó máa fi wọ́ká rìn ni kò ní wọ́ká nílé. Ẹ yá a ní wọ́ká nílé ìwòsàn, ẹ jẹ́ kí ó lò ó ní ìgbà mélòó kan, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé pé kò ní in nílé, kí àìlówó má baà di àìlera lórí káàdì rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ béèrè bó ti yẹ

Ohun tí ọmọ ń ṣe lójoojúmọ́ ni ìpele ń béèrè. Ohun tó ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tí ara rẹ̀ yá gágá kò kàn án. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè “Ṣé ó lè rìn?” kò fi dára. Mo bi ìyá àgbà kan bẹ́ẹ̀ rí, ó sì dá mi lóhùn kíá pé, “Ó ń rìn o, Dókítà, a dúpẹ́.” Mo yí ìbéèrè náà padà: “Màmá, láàárọ̀ yìí, báwo ni ó ṣe dé ibi tó ti mu ẹ̀kọ?” Màmá rẹ́rìn-ín. “Háà, ó fìdí wọ́ dé ibẹ̀ ni.” Irọ́ kọ́ ni ó kọ́kọ́ pa, ọmọ náà rìn lóòótọ́, ní ọjọ́ ìkómọjáde àbúrò rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ẹ̀gbọ́n méjì tí wọ́n dì í lápá. Ẹ béèrè nípa àárọ̀ òní, nípa àná, nípa bó ṣe dé ilé ìwẹ̀, nípa ẹni tó gbé e wọ ọkọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ tún ibi àti àkókò ṣe

Ohun èlò kò pọ̀: ẹní, àpótí ìjókòó kékeré kan, ṣọ́ọ̀kì, fóònù tó ní aago ìṣẹ́jú-àáyá, ohun ìṣeré tí ọmọ fẹ́ràn, àti téèpù télọ̀. Téèpù télọ̀ kì í ju sẹ̀ǹtímítà 150 lọ, nítorí náà ẹ fi í wọn okùn kan tó gùn ní mítà 5, kí ẹ so kókó sí mítà kọ̀ọ̀kan, okùn yẹn ni ẹ ó sì máa lò. Kí ọmọ wọ ṣòkòtò pénpé, kí ó bọ́ bàtà. Kí ó ti jẹun, kí ó sì ti sùn tó. Bí ó bá ń lo oògùn tí ń mú iṣan rọ̀ tàbí oògùn gìrì, ẹ kọ wákàtí tó lò ó. Ọmọ tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Èmi náà ti ṣi èyí ṣe rí. Wọ́n gbé ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́fà kan wá láti ọ̀nà jíjìn, ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ni ó ti sùn dé, èrò pọ̀ lọ́jọ́ náà, mo sì gbé e dúró bó ṣe lajú. Òdo ni mo kọ fún un níbi ìdúró. Ìyá rẹ̀ wo bírò mi, ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi máa ń dúró o,” ohùn rẹ̀ sì fi hàn pé òun kò fẹ́ bá mi jà. Ó ra àkàrà fún un, ọmọ jẹ ẹ́ tán, ó bá ọmọ mìíràn ṣeré díẹ̀, lẹ́yìn náà ó dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 12 láìdi nǹkan kan mú. Òdo tí mo kọ́kọ́ kọ yẹn, ebi àti oorun ni mo wọ̀n.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Òṣùwọ̀n GMFM

Òṣùwọ̀n gidi tí a fi ń mọ ìyípadà ni èyí, ọwọ́ físíò tó kọ́ ọ ni ó sì yẹ kó wà. Ó dára kí òbí mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é. Dianne Russell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n gbé e jáde ní 1989. Ohun 88 ni a ń ní kí ọmọ ṣe, gbogbo rẹ̀ ni ọmọ ọdún 5 tí kò ní CP sì lè ṣe. Wọ́n pín in sí apá márùn-ún: ìdùbúlẹ̀ àti yíyí ní 17, ìjókòó ní 20, ìrákòrò àti ìkúnlẹ̀ ní 14, ìdúró ní 13, rírìn, sísáré àti fífò ní 24. Ó máa ń gbà tó ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan.

Ohun kọ̀ọ̀kan ní máàkì 0 sí 3. Òdo ni bí ọmọ kò bá bẹ̀rẹ̀ rárá, 1 bí ó bá bẹ̀rẹ̀ tí kò ṣe tó ìdá mẹ́wàá rẹ̀, 2 bí ó bá ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ tí kò sì parí rẹ̀, 3 bí ó bá ṣe é tán. Ẹ wo ọ̀kan nínú wọn: ọmọ dúró, ó gbé ẹsẹ̀ òsì sókè, ọwọ́ rẹ̀ kò kan nǹkan kan. Bí ẹsẹ̀ náà kò bá kúrò nílẹ̀, òdo; bí kò bá tó ìṣẹ́jú-àáyá 3, máàkì 1; bí ó bá wà láàárín 3 sí 9, máàkì 2; bí ó bá pé 10, máàkì 3. Ìgbà mẹ́ta ni ọmọ lè dán an wò, èyí tó dára jù lọ ni a ń kọ. A lè ṣe é kí ó wò, a lè pàtẹ́wọ́, a lè fi bisikíìtì tàn án, ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ ràn án. Ibí ni àwọn ìyá ti máa ń já wa kulẹ̀: ọwọ́ wọn á ti dé ìbàdí ọmọ kí ọmọ tó yẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n jókòó síwájú ọmọ, níbi tí ọmọ ń wò, kí wọ́n má wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ní apá kọ̀ọ̀kan, ẹ fi iye máàkì tó ga jù níbẹ̀ pín iye tí ọmọ gbà, ẹ sọ ọ́ di ìdá ọgọ́rùn-ún, kí ẹ ro márààrún pọ̀, kí ẹ sì fi 5 pín in. Ká ní ọmọ kan gba 48 nínú 51, 45 nínú 60, 21 nínú 42, 13 nínú 39 àti 9 nínú 72. Ìyẹn jẹ́ 94.1, 75, 50, 33.3 àti 12.5, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 264.9, tí a bá fi 5 pín in, ó di 53 nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tí a kò bá dán wò, òdo ni nínú ìṣirò yìí, nítorí náà ẹ má ṣe fò ó nítorí pé ilẹ̀ ń ṣú. Ẹ̀dà kúkúrú tí ó ní ohun 66, tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò rẹ̀, tún wà.

Kí òbí béèrè máàkì apá kọ̀ọ̀kan, kí ó má gba àpapọ̀ nìkan. Ọmọ tí àpapọ̀ rẹ̀ kò kúrò ní 53 lè ti gbà sí i níbi ìdúró kí ó sì ti pàdánù níbi ìrákòrò, nítorí pé kò fẹ́ rákòrò mọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Mítà 5, mítà 50, mítà 500

Bí òbí bá ní kí n mú òṣùwọ̀n kan ṣoṣo tí òun lè máa fọwọ́ ara òun kọ, èyí ni n ó mú. FMS ni orúkọ rẹ̀, Kerr Graham àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Melbourne, ní Ọsirélíà, ni wọ́n gbé e jáde ní 2004 fún ọmọ ọdún 4 sí 18. Mítà 5 dúró fún inú ilé, 50 fún ilé ìwé, 500 fún ìgboro. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ béèrè ohun tí ọmọ fi ń rìn ín: 6 bí ó bá ń dá rìn lórí ilẹ̀ èyíkéyìí, 5 bí ó bá ń dá rìn lórí ilẹ̀ títẹ́jú nìkan, 4 bí ó bá ń lo ọ̀pá lásán kan tàbí méjì, 3 bí ó bá jẹ́ ọ̀pá ìtilẹ̀ (crutches), 2 bí ó bá jẹ́ wọ́ká, 1 bí ó bá jẹ́ kẹ̀kẹ́ ìjókòó. Lẹ́tà C ni a ń kọ fún ọmọ tó ń rákòrò ní mítà 5, lẹ́tà N fún ọ̀nà tí kì í rìn rárá.

Ẹ wá ọ̀nà mẹ́ta yìí láyìíká yín. Láti ibùsùn dé ẹnu ọ̀nà yàrá lè jẹ́ 5. Láti géètì ilé ìwé dé kíláàsì lè jẹ́ 50. Láti ilé dé ibi tí ọ̀kadà ń dúró sí lè jẹ́ 500. Ọmọ kan lè jẹ́ 5, 2, 1, èyí sì ń sọ ohun tí ọ̀rọ̀ ẹnu kò sọ: nínú ilé ó ń dá rìn, nílé ìwé wọ́ká ni, ní ìgboro kẹ̀kẹ́ ni.

Bí ọmọ bá ń rìn, ẹ tún ka ìṣẹ́jú-àáyá rẹ̀. Ẹ fi okùn onímítà 5 yẹn sàmì mítà 14 sórí sìmẹ́ǹtì títẹ́jú, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí mítà 2 àti mítà 12. Kí ọmọ rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bó ṣe máa ń rìn, ṣùgbọ́n mítà 10 tó wà láàárín ìlà méjèèjì nìkan ni kí ẹ kà. Bí ó bá gbà á ní ìṣẹ́jú-àáyá 20, ó ń rin ìdajì mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ kọ ọ́, kí ẹ kọ ohun tó dì mú pẹ̀lú.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ọwọ́

MACS, tí Ann-Christin Eliasson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Swídìn ní 2006, ń pín ìlò ọwọ́ sí ìpele márùn-ún fún ọmọ ọdún 4 sí 18. Ọwọ́ méjèèjì ni ó ń wò pọ̀, kò bìkítà èyí tó lágbára jù. Kìíní ni ọmọ tó ń lo nǹkan wọ́ọ́rọ́wọ́. Kejì, ó ń lò ó, ṣùgbọ́n ó ń falẹ̀. Kẹta, ẹnìkan ní láti bá a ṣí i tàbí gbé e sí ipò. Kẹrin, nǹkan díẹ̀ tó rọrùn ni ó lè mú. Karùn-ún, kò lè mú nǹkan kan. Ẹ wò ó níbi tó ti ń jẹ ẹ̀bà: ṣé ó lè bù ú, kí ó yí i, kí ó fi kan ọbẹ̀, kí ó gbé e dé ẹnu? Ọwọ́ kejì ńkọ́, ṣé ó ń di abọ́ mú?

Nílẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì máa ń ba òṣùwọ̀n yìí jẹ́. Bí CP bá mú ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì ni ọmọ ní, ṣùgbọ́n wọ́n ti lù ú lọ́wọ́ tó ìgbà mẹ́wàá pé kí ó má fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, nítorí náà bí a bá na nǹkan sí i, ó kàn ń wò wá ni. Ẹ gbé nǹkan náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀, kí ẹ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo tún fẹ́ kí àwọn ìyá mọ̀ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan tó ń lo ọwọ́ kan ṣoṣo yẹ kí dókítà wò ó. Kì í ṣe pé ó jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì.

Iṣan tó le àti ìbàdí

Físíò máa ń fi òṣùwọ̀n Ashworth tí a tún ṣe ní 1987 wọ̀n bí iṣan ṣe le tó, láti 0 dé 4. Ó wúlò, ṣùgbọ́n kì í ṣe òṣùwọ̀n ohun tí ọmọ ń ṣe. Ìyá àgbà lè fi òrí ra ẹsẹ̀ tó kọ́ra bí àlùmágàjí títí yóò fi rọ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ kí ọmọ náà má lè jókòó ju ti àná lọ.

Ìbàdí ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má fojú fò. Nínú ìwádìí kan ní Ọsirélíà tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2006, egungun ìbàdí ń yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀ lára bí 35 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó ní CP. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ti Ìpele Kìíní. Nínú àwọn ti Ìpele Karùn-ún, 90 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ó lè ṣẹlẹ̀ kí ọmọ tó sunkún rárá. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá wà ní Ìpele Kẹta sókè, ẹ bi dókítà ìgbà tí ó máa ya fọ́tò (x-ray) ìbàdí. Bí itan kan kò bá ṣí mọ́ bí èkejì nígbà tí ẹ bá ń pọ̀n ọ́n tàbí tí ẹ bá ń pààrọ̀ ìtẹ́dìí rẹ̀, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín.

Wíwọ̀n lẹ́ẹ̀kan sí i, àti bí a ṣe ń ka èsì

Oṣù mẹ́fà sí mẹ́fà tó fún GMFM àti FMS. Ẹ máa ṣe é ní irú wákàtí kan náà, lórí irú ilẹ̀ kan náà, kí ẹni kan náà sì ṣe é bí ó bá ṣeé ṣe. Ìwádìí tí Rosenbaum àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2002 fi hàn pé àwọn ọmọ Ìpele Karùn-ún máa ń dé ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọn yóò lè ṣe kí wọ́n tó pé ọdún 3, àwọn ti Ìpele Kìíní sì máa ń dé ibẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 5. Nítorí náà, bí máàkì GMFM ọmọ ọdún 9 kò bá gbéra mọ́, kò túmọ̀ sí pé iṣẹ́ físíò já sásán. FMS àti aago ni kí ẹ máa tẹjú mọ́ nígbà náà, nítorí wọ́ká tó bá a mu, tàbí pèpéle tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dí ní ẹnu ọ̀nà kíláàsì, lè sọ 1 di 2 nígbà tí ara rẹ̀ kò yí padà rárá.

Bí máàkì bá wálẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wádìí oorun, oúnjẹ àti oògùn, kí ẹ tún un wọ̀n láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bí ó bá tún wálẹ̀, ẹ wá ohun tó ń fa á: ìbàdí tó ń dùn ún, ọmọ tó ga sí i tí iṣan rẹ̀ kò gùn tó, gìrì tó tún bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó ń pàdánù ohun tó ti mọ̀ ọ́n ṣe láìsí ìdí, dókítà ọmọdé ni kí ẹ gbé e lọ bá, nílé ìwòsàn LAUTECH tàbí ti Bowen bí ẹ bá wà nílùú, nítorí ó lè jẹ́ pé àrùn mìíràn ni, kì í ṣe CP.

Ìwé kan ṣoṣo ni kí ẹ máa kọ gbogbo rẹ̀ sí, kí ẹ má fi sílẹ̀ lórí ègé bébà. Ìyá kan wà tó máa ń kọ tirẹ̀ sẹ́yìn ìwé àjọ tó ń dá, báyìí ni ó sì kọ ọ́ ní ọjọ́ kan: “Mọ́ńdè, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ó ti mu ẹ̀kọ. Kò wọ bàtà. Ó fìdí wọ́ lọ sí kíṣìnì. Ó rìn bọ̀, ó di ògiri mú, ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú-àáyá 10. Kò sunkún.”